Àfikún àti Ìpamọ́: Òfin Ìlò Ilẹ̀ Ọdún 1978 àti Etí Ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà

Láti ìgbà tí Garrett Hardin ti kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí dúkìá àjùmọ̀ní lọ́dún 1968 ni ọ̀rọ̀ ààbò ibùgbé ẹranko ti pín àwọn onímọ̀ sí apá méjì. Apá kan ní ohun tí kò bá ní olówó, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́, nítorí náà kí olúkúlùkù ní ilẹ̀ tirẹ̀. Apá kejì ní onílẹ̀ gan-an ni ọ̀tá, kí ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ohun tí a ń kọ nílé níbí, apá kejì ló ń borí: wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ní Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kò sí ìjà kankan mọ́ láàárín ẹranko àti onílẹ̀, àfi kí gómìnà ṣe ohun tó yẹ. Mo lòdì sí apá méjèèjì. Ohun tí wọ́n fojú fò wà nínú òfin 1978 fúnra rẹ̀, etí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà l'Ékòó sì ni ibi tó dára jù tí a ti lè rí i.

Ẹni tó bá mọ etí ọ̀sà yẹn kò ní pè é ní ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ti etí òkun Oǹdó wá, àti àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n jọ ń pẹja, ń gbé lórí rẹ̀. Àwọn ẹbí onílẹ̀ ní títí dé ibi tí omi bá fà sẹ́yìn dé ni tàwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní òun ló láṣẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní òun ni, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì tì í lẹ́yìn ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tó dájọ́ pé àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ni àkóso ọ̀nà omi abẹ́lé. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olówó pọ̀ débi pé Hardin kò rí ibi dúró sí. Síbẹ̀ àbàtà ń tán, bó sì ṣe ń tán kò farasin. Pàǹtí ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i, ìyẹ̀fun pákó láti sọ́mìlì á tẹ̀ lé e. Tó bá ti le díẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò rì mọ́, yanrìn á gorí rẹ̀. Inú ọ̀sà kan náà ni wọ́n ti ń wa yanrìn ọ̀hún. Àwọn tó ń fi garawa wà á á rì lọ sísàlẹ̀ omi, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀ onígi títí tí yóò fi kún, típà á sì wá kó o ní èbúté. Ìdí omi ni à ń gbẹ́ láti fi dí etí omi, ibùgbé méjì ló sì ń bàjẹ́ pa pọ̀.

Manatee, ẹran ńlá ọlọ́mú tó ń jẹ koríko inú omi nínú odò àti ọ̀sà gúúsù ilẹ̀ wa, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ gbé irú tiwa yìí sí ìpele tó ga jù, tí òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi di èèwọ̀. Nàìjíríà náà ti ní òfin lórí ẹranko tó ń parẹ́ láti ọdún 1985. Ọdẹ àti oníṣòwò ni òfin ọ̀hún dì lọ́wọ́ mú. Ẹni tó bu yanrìn bo koríko tí ẹran náà ń jẹ kò kàn án. Nàìjíríà wọ àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ àbàtà, ó sì ti forúkọ ibi 11 sílẹ̀. Ọ̀kankan nínú wọn kò sí ní Èkó.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ti àfikún àti ìpamọ́. Àfikún ni ohun tí ènìyàn fi owó tàbí agbára rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀, tí ilẹ̀ náà kò fi rí bó ṣe bá a mọ́. Ìpamọ́ ni kí ènìyàn lágbára láti sọ ilẹ̀ di nǹkan mìíràn, kó má sì ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 29 òfin 1978 ní tí gómìnà bá gba ilẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ènìyàn, iye àfikún tó wà lórí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú yóò dá lé. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni yóò rí gbà. Ẹbí tí kò san irú owó bẹ́ẹ̀ rí kò ní nǹkan kan í gbà lórí ilẹ̀. Àwọn amòfin mọ èyí, wọ́n sì ti ń bá a jà tipẹ́. Gbólóhùn kúkurú kan nínú abala 29(4)(b) ni wọn kò kọbi ara sí tó. Lẹ́yìn tí òfin ti ka ilé àti ẹ̀rọ àti àfikún gbogbo, ó ya ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ omi sọ́tọ̀: iye tí onílẹ̀ ná lórí rẹ̀ ni kí ìjọba san, bó bá ti lè fi ìwé ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Abala 51, tó túmọ̀ àfikún, tún dárúkọ iṣẹ́ kan náà mọ́ ọgbà, kànga, ojú ọ̀nà àti oko igi ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ibi méjì ni òfin wa ti sọ pé dídí omi yẹ fún owó. Kò síbi tó ti dárúkọ àbàtà tí a fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹbí méjì pààlà ní etí ọ̀sà. Èkíní fi yanrìn dí tirẹ̀, ó sì tọ́jú rìsíìtì típà. Èkejì fi igi ẹ̀gbà sílẹ̀ bí àwọn bàbá wọn ṣe fi í sílẹ̀, tí ẹja ń yé sí ìdí rẹ̀, tí omi òjò Ṣómólú, àdúgbò ìtòsí, sì ń ríbi jókòó. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ méjèèjì lọ́la fún gọ́tà ńlá, ẹbí èkíní yóò gbowó, èkejì yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìpamọ́ kò ní rìsíìtì. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹbí tó bá gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀, ohun tó bọ́gbọ́n mu fún un ni kó tètè dí àbàtà rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ìkéde pé a fẹ́ dáàbò bo ibì kan lè jẹ́ ohun tí yóò pa á.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, tí ìgbìmọ̀ Privy Council dá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1921, ilẹ̀ àjùmọ̀ní tí ìjọba amúnisìn gbà ní Apápá ni Olóyè Olúwa bá wọn fà, ìgbìmọ̀ náà sì dájọ́ pé owó tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ ka ilẹ̀ náà sí ti ará ìlú pátápátá. Òfin amúnisìn ka ilẹ̀ sí nǹkan. Òfin tiwa ní ọdún 1978 ka yanrìn orí rẹ̀ sí nǹkan. Àwọn tó sì ní ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ti kú lọ́dún 1978 kò ka ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá lọ́dún 1991, dáadáa. Ẹ̀tọ́ náà wà láàyè; ohun tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ ló yí padà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ gbà. Òfin wọn ti 1973 lórí ẹranko tó ń parẹ́ ka ibùgbé ẹranko sí, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù rẹ̀ lé onílẹ̀ lórí. Dean Lueck àti Jeffrey Michael fi hàn lọ́dún 2003 pé ní North Carolina, àwọn onígbó kan ń tètè gé igi páínì kó tó gbó, kí ẹyẹ àkókó tí òfin ń dáàbò bò má baà wá tẹ́dó síbẹ̀. Ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1995, tó fi onílẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé bó bá tún igbó ṣe kò ní ru ẹrù kún ẹrù, ni wọ́n fi wá ojútùú sí i. Ìbẹ̀rù ni tiwọn, tiwa jẹ́ àìkàsí, àbájáde wọn sì jọra.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo retí ni pé ọmọ onílẹ̀ kì í ka ìwé òfin kó tó pe típà, iye tí pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ń lọ ní Èkó ló ń tì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà àti òfin kọjú síbì kan náà, òfin sì ni èyí tí a lè yí padà. Èkejì ni pé òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, ti 1992, ti tó. Kò tó. Dídí etí omi tó bá tó hẹ́kítà 50 ni ìwé òfin ọ̀hún kà mọ́ iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò dandan. Pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 120, tó fẹ̀ ní 60, kò tó hẹ́kítà kan nínú mẹ́rìnlá. Àfi kí wọ́n dí ohun tó lé ní 740 irú rẹ̀ kó tó pé 50. Lẹ́yọ lẹ́yọ ni wọ́n sì ń dí i ní Bàrígà. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: àwọn apẹja Ìlàjẹ kì í ṣe onílẹ̀, àwọn náà sì ń da ìyẹ̀fun pákó láti rí ibi tẹ ilé dó. Mi ò jiyàn. Ẹjọ́ àwọn ará Otodo-Gbame, abúlé apẹja kan ní etí ọ̀sà Èkó, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dá ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ti fi hàn pé a kò gbọ́dọ̀ lé irú wọn bí ẹni lé ewúrẹ́. Bí a bá ń sanwó ìpamọ́ fún ẹbí onílẹ̀ nìkan, a ti san án fún ẹni tí kò sí lójú omi. Ẹni tó ń wo omi lójoojúmọ́ ni apẹja, kó sì ní ìpín tirẹ̀.

Ó jọ pé àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ti rí ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní Bouche du Roy, nítòsí Grand-Popo, àwọn ará abúlé fi Zàngbétò, egúngún olùṣọ́ òru tí àwọn Ẹ̀gùn Bàrígà mọ̀ dáadáa, sọ apá kan igbó ẹ̀gbà di ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé. Ìjọba kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó gbà pé ìpamọ́ wọn jẹ́ iṣẹ́. Bóyá Bàrígà, tí ilẹ̀ ti wọ́n tó báyìí, lè ṣe irú rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè mìíràn.

Àtúnṣe òfin 1978 kò rọrùn, nítorí abala 315(5) ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ti dè é mọ́ ìwé òfin náà. Ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lè ṣe òfin tirẹ̀ láì dúró de Àbújá: kí ìpínlẹ̀ máa san owó ọdọọdún fún àbàtà tó bá ṣì jẹ́ àbàtà, kí ẹbí onílẹ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja jọ pín in, kó sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí yanrìn bá débẹ̀. Lójú tèmi, abala 29 ti pa àbàtà ní Èkó ju ọmọ onílẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ẹ̀yin amòfin tó ń gba ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, mo bẹ̀ yín, nígbà mìíràn tí ẹbí tó fi ẹ̀gbà rẹ̀ sílẹ̀ bá wá bá yín, ẹ má sọ fún wọn pé wọn kò ní nǹkan í bèèrè. Ẹ kọ ìpamọ́ wọn sínú ìwé ìpẹ̀jọ́, kí adájọ́ kan dá a lẹ́jọ́.