Ta Ni Yóò San Owó Agbè? Ìlú Venice Lẹ́yìn Ìkún Omi Ọdún 1966

Àwọn àgbà a máa wí pé bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó rí òmíràn pọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe agbè gan-an ni omi fẹ́ fọ́ ńkọ́? Ta ni yóò san owó òmíràn, níbo ni a ó sì ti rí irú rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó fín in ti kú láti nǹkan bí 500 ọdún? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ ìlú Venice ní ilẹ̀ Ìtálì ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ọdún 1966.

Àárín ọ̀sà ni a tẹ Venice dó sí, lórí erékùṣù kéékèèké tí ó ju 100 lọ. Òpó igi tí a gbá wọ inú ẹrẹ̀ ni ó gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ dúró. Omi ọ̀sà a máa kún, a sì máa fà. Èyí kì í ṣe ohun tuntun lójú àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìjì líle láti gúúsù ìlà-oòrùn ti omi òkun wọ inú ọ̀sà, kò sì jẹ́ kí ó padà sí ibi tí ó ti wá. Omi náà ga ní 194 sẹ̀ǹtímítà ju àmì tí wọ́n fi ń wọn omi níbẹ̀ lọ. Ògiri òkúta tí àwọn baba wọn mọ sí etí òkun ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ya lulẹ̀ ní ibi púpọ̀. Epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù tú sínú omi, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ilé. Ní ọjọ́ kan náà ni odò Arno kún bo ìlú Florence, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn, tí ó sì ba ìwé àti àwòrán àtijọ́ jẹ́.

Nígbà tí omi fà tán, ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìjà ti parí. Rárá o. Omi lọ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Bíríkì a máa fa omi òkun mu bí òwú. Bí omi náà bá gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò dì, yóò wú, yóò sì máa fọ́ ògiri láti inú wá. Iyọ̀ tí ń mú ọbẹ̀ dùn ni ó di májèlé ilé. Àwọn baba tí ó kọ́ Venice mọ èyí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òkúta Istria tí kì í fa omi ṣe ìdí ilé. Ṣùgbọ́n láàárín 100 ọdún, ilẹ̀ rì, òkun sì ga, tí gbogbo rẹ̀ fi tó nǹkan bí 23 sẹ̀ǹtímítà. Ara ohun tí ó fa rírì náà ni omi tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà lódìkejì ọ̀sà ń fà láti abẹ́ ilẹ̀. Báyìí ni omi ṣe ré kọjá òkúta tí ó kan bíríkì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, UNESCO ké sí gbogbo ayé kí wọ́n gba Venice àti Florence là. Ayé sì dáhùn. Sir Ashley Clarke, ẹni tí ó ti ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Róòmù rí, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Madonna dell'Orto, níbi tí wọ́n sin Tintoretto akunlé olókìkí sí, ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ náà di Venice in Peril. Ní ọdún kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà dá Save Venice sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà dá ẹgbẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ná owó wọn. Wọn kò da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan. Ẹgbẹ́ kan a mú ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí àwòrán kan, a sì dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Fún ọdún pípẹ́, ìjọba Ìtálì kò gba owó orí ọjà lórí àtúnṣe tí owó rẹ̀ bá gba ọwọ́ UNESCO kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe tún ilé àtijọ́ tí ó ju 100 àti iṣẹ́ ọnà tí ó ju 1,000 ṣe. Owó kékeré pàápàá wúlò: ilé oúnjẹ PizzaExpress ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ pẹ́nì díẹ̀ lórí pízà kan tí wọ́n ń pè ní Veneziana, títí owó náà fi ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìjọba ńkọ́? Ní ọdún 1973, wọ́n ṣe òfin pé ọ̀rọ̀ Venice di ọ̀rọ̀ gbogbo Ìtálì, wọ́n sì ṣèlérí 300 bílíọ̀nù líra. Ìlérí yá, owó kò yá. Ẹni tí ń san pẹ́nì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹni tí ó ṣèlérí bílíọ̀nù tó tú àpò.

Síbẹ̀, kí a má ṣe tìtorí èyí gbé oríyìn fún ìtọrẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria dei Miracoli, tí Pietro Lombardo kọ́ láàárín 1481 sí 1489. Nígbà tí Save Venice dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1987, mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n rò pé yóò ná wọn. Wọ́n bá iyọ̀ nínú òkúta mábù ara rẹ̀, ní ibòmíràn tó ìdá 14 nínú 100. Ó di dandan kí wọ́n tú àwọn òkúta náà, kí wọ́n rẹ wọ́n sínú ọpọ́n irin tí ó kún fún omi aláìníyọ̀. Ọdún 1997 ni iṣẹ́ tó parí. Owó ti di mílíọ̀nù mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo nìyẹn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, omi tún ga tó 187 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá San Marco. Ìjọba tún ṣèrànwọ́: 5,000 yúrò fún onílé, 20,000 fún oníṣòwò. Ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tí àwọn ìlẹ̀kùn irin 78 tí wọ́n ṣe sí ẹnu ọ̀sà fi kọ́kọ́ dínà omi, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Iṣẹ́ náà ti jẹ ju bílíọ̀nù márùn-ún yúrò lọ, ìwà ìbàjẹ́ sì ti wọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ ìtọrẹ tí ó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ òkun.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé àlejò lè báni tún ògiri ṣe, ṣùgbọ́n onílé ni yóò dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ owó lọ́wọ́ wa nítorí ilé àtijọ́ tí omi bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi tinútinú fún un. Kí a sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ilé wo ni? Ta ni yóò dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí? Ẹ ti dí ojú omi bí? Bí kò bá lè dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, omi kan náà ni yóò tún wá gba owó náà padà.