Ẹ̀jìrẹ́ ní Ilẹ̀ Yewa: Ère, Ijó àti Ẹ̀jẹ̀ Ìyá

Ilẹ̀ Yewa, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti àyíká Òkè-Ọdàn àti Ìlaròó, tí ó sì gba Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àṣà ìbejì ti fìdí múlẹ̀ gidigidi láàárín àwọn Yorùbá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ère fún ẹ̀jìrẹ́ tí ó kú, tí wọ́n ń se ẹ̀wà fún èyí tí ó wà láàyè, tí ìyá ìbejì sì ń jó lọ sí ọjà láti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà pé fífún un ní ẹ̀bùn ń mú ire wá. Àwọn onímọ̀ tí ó kọ̀wé lórí àṣà yìí sábà máa ń ka ère náà sí iṣẹ́ ọnà, wọ́n ń yẹ ilà ojú rẹ̀ àti irun orí rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣáájú ọwọ́ agbẹ́gilére. Iye ìbejì tí àwọn obìnrin Yorùbá ń bí ga ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn àgbáyé lọ, ohun tí ó sì wà nídìí rẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ní ìrísí oje kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní họ́móònù. Ìtàn àṣà náà kò lè pé bí a bá yọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ gbilẹ̀ dé etí òkun, ilẹ̀ yìí, tí àwọn ará rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ̀gbádò kí wọ́n tó gba orúkọ odò Yewa ní 1995, wà lábẹ́ Aláàfin, nítorí pé àárín rẹ̀ ni ọ̀nà òwò tí ó lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì gbà kọjá, Ìjànná tí kò jìnnà sí Ìlaròó sì ni Onísàrẹ́, ìjòyè tí ó ń ṣojú Aláàfin, ń gbé. Ọ̀nà yìí kan náà ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John tọ̀ ní 1830, láti Àgbádárìgì gba Ìjànná lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Nínú ìwé ìrìnàjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1832, wọ́n ròyìn pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni àwọn pàdé lójú ọ̀nà tí ó ru ère ọmọdé kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìyá tí ọmọ kú fún ni wọ́n, tí ère náà sì dúró fún ọ̀fọ̀ wọn. Wọn kò dárúkọ ìbejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àṣà náà kò ní ṣàì dá ohun tí wọ́n rí mọ̀. T. J. H. Chappel, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1974, fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu jiyàn pé ère ìbejì kò tíì gbó tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, pé ìgbà kan wà tí ìbejì jẹ́ ohun ìbẹ̀rù fún àwọn Yorùbá, kí ìbẹ̀rù náà tó di ọ̀wọ̀. Àwọn ìtàn kan tọ́ka sí ìhà Àjàṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ Yewa wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ gbà á, nítorí ẹrù àti ìròyìn kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó yá ju èyí lọ láti etí òkun dé Ọ̀yọ́.

Ìbejì kò dúró sórí ère nìkan ní ilẹ̀ yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ìbòjú tí Kétu, Ìlobì, Ìlaròó, Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú mìíràn ní ìhà méjèèjì ààlà fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá, tí àjọ UNESCO sì kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún àṣà pàtàkì fún aráyé, ní ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan tí wọ́n ń sọ ní Kétu. Ìtàn náà sọ pé ìbejì méjì, ọmọ Alákétu, ni wọ́n jọ du ipò bàbá wọn, tí ọ̀kan fi sá lọ sí Ìlobì ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ó ti fi ère àti ariwo dẹ́rù ba àwọn tí ń lépa ẹ̀mí rẹ̀, tí ọgbọ́n náà sì di eré. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn lórí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lágbo kò ṣe é jiyàn: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó pé ní ìlànà máa ń jáde ní méjì-méjì, pẹ̀lú aṣọ kan náà, igi orí kan náà àti ẹsẹ̀ ijó kan náà. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ náà ní 1889, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó sì kù sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, eré náà kò pín, bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìbejì kò pín.

Ikú ni ó bí ère. Inú tí ó gbé ọmọ méjì sábà máa ń bí kí oṣù tó pé, àwọn ọmọ náà kì í sì í tóbi tó ọmọ tí a dá bí, nítorí náà, ní àkókò tí kò sí ilé ìwòsàn, tí ibà ń pa ọmọ tí ó lágbára pàápàá, ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ tàbí àwọn méjèèjì ni ó ṣeé ṣe kí ó kú kí wọ́n tó rìn. Àwọn òbí á lọ bá babaláwo, bí Ifá bá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère, agbẹ́gilére á gbẹ́ igi náà ní ìwọ̀n tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kì í ṣe ní àwòrán ọmọ ọwọ́ bí kò ṣe ní àwòrán àgbà, tí ilà ìdílé sì wà lójú rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún lára, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, á sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nígbà tí èkejì tí ó wà láàyè bá ń jẹun, nítorí ìgbàgbọ́ pé ọ̀kan náà ni ẹ̀mí wọn, àti pé èyí tí ó lọ lè pe èyí tí ó kù. Àìmọye ère bẹ́ẹ̀ ni ó wà lónìí ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ń wo ẹwà wọn níbẹ̀ yẹ kí ó rántí pé ọmọ kan tí ó kú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún, àti pé kí ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè kú, ó ní láti jẹ́ pé ìbejì tí a bí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ̀ tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí kò tíì sí nígbà tí àwọn Lander kọjá. Ní 1902 ni William Bayliss àti Ernest Starling, ní University College ìlú Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé bí omi kíkan láti àpòlúkù bá dé ìfun, ìfun náà á tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà á sì pàṣẹ fún pánkíríà, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, pé kí ó tú omi tirẹ̀ jáde, kódà nígbà tí wọ́n ti gé iṣan tí ó so ìfun náà mọ́ ọpọlọ. Ní 1905, Starling fún irú oje aránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó di họ́móònù. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ̀yà ọ̀fun tí àìsàn gẹ̀gẹ̀ máa ń mú wú, èyí tí ó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, àwọn tí ó wà lórí kíndìnrín, kóró ẹpọ̀n ọkùnrin, ilé ẹyin obìnrin, àti pìtúítárì tí ó wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, síbẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni họ́móònù ń bọ́ sí, ó sì ń kárí gbogbo ara, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí a ti dá ohun tí ó lè dì í mú sí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń hàn.

Fún ọ̀rọ̀ ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn họ́móònù pìtúítárì ni ó ṣe kókó. Ní 1931, Fevold, Hisaw àti Leonard ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà fi hàn pé họ́móònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pìtúítárì fi ń darí ilé ẹyin, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní FSH ní ìkékúrú, ni ó sì ń mú kí àpò kéékèèké tí ẹyin obìnrin wà nínú wọn dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí obìnrin bá ń ṣe nǹkan oṣù, FSH á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ àpò ẹyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó bá yára jù lọ nínú wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè họ́móònù tirẹ̀, ẹ́sítírójìn àti ìńhíbìn, tí yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ padà lọ sọ́dọ̀ pìtúítárì láti sọ fún un pé kí ó dín FSH kù. Bí FSH bá ti dín kù, àwọn àpò tí ó kéré kò ní rí ohun tí ó lè gbé wọn ró mọ́, wọ́n á sì kú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti tóbi kò nílò FSH púpọ̀ mọ́, òun nìkan ni yóò sì tú ẹyin sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń bí ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n lára obìnrin tí FSH rẹ̀ ga, tàbí tí kò tètè rọlẹ̀, àpò méjì lè la àkókò yẹn já, kí ẹyin méjì jáde, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pàdé àtọ̀ tirẹ̀. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì nìyí, tí ìjọra wọn kò ju ti ọmọ ìyá méjì tí a bí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ìbejì ẹlẹ́yin kan, tí wọ́n máa ń jọra bí ẹni pé wọ́n ya ara wọn sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, nítorí ẹyin kan ṣoṣo ni ó pín sí méjì lẹ́yìn tí oyún ti dúró, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé, bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ.

Ìgbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Ayétòrò, ni wọ́n ti fi òye yìí wo ara àwọn obìnrin Yorùbá. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera kan ní Ìbàràpá láti 1963, ibẹ̀ sì ni Percy Nylander, oníṣègùn agbẹ̀bí, ti ka ìbímọ ìlú náà, tí ó fi rí i pé ìbímọ bíi 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó jẹ́ ti ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù ní àkókò náà kò ju bíi 12 lọ. Nípa wíwo olóbi àti irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì ní Ìbàdàn, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹlẹ́yin méjì ni ó pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé inú ilé ẹyin ìyá ni ìyàtọ̀ náà wà. Lẹ́yìn náà ni ó wọn FSH inú ẹ̀jẹ̀. Àbájáde tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 fi hàn pé FSH ga lára àwọn tí ó ti bí ìbejì ju àwọn tí ó ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, ó sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ yìí kò gba ìyìn tí ó tó nílé, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìgbà díẹ̀ tí ara àwọn obìnrin Yorùbá fúnra wọn kọ́ ayé ní ohun tuntun nípa họ́móònù.

Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní tiwọn sábà máa ń tọ́ka sí ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń fa ìbejì, àwọn mìíràn sì ń tọ́ka sí iṣu. Òótọ́ ni pé ní àwọn ọdún 1940, Russell Marker rí ohun kan nínú irú iṣu ìgbẹ́ kan ní Mẹ́síkò tí ó fi ṣe họ́móònù obìnrin, ṣùgbọ́n inú ilé àyẹ̀wò ni ó ti ṣe é pẹ̀lú kẹ́míkà, ikùn ènìyàn kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ìyá àti iye ọmọ tí ó ti bí ni ó dájú: FSH ń gòkè bí obìnrin ṣe ń dàgbà, ìbejì ẹlẹ́yin méjì sì máa ń pọ̀ jù lọ lára àwọn tí ó wà láàárín ọdún 35 sí 39. Ìdílé náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ rí ibi méjì nínú àbùdá àwọn ìyá ìbejì tí ó jẹ́ ìran Yúróòpù, tí ọ̀kan wà lẹ́bàá ibi tí ara ti ń kọ́ FSH, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó láti ṣàlàyé ti àwọn Yorùbá. Ọkọ kò lè yí iye ẹyin tí aya rẹ̀ ń tú sílẹ̀ padà, bí ó tilẹ̀ lè fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ogún náà láti ìdílé tirẹ̀.

Àṣà náà ti ń ka nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tipẹ́. Orúkọ tí ó ń tẹ̀ lé Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìdòwú lẹ́yìn wọn, Àlàbá lẹ́yìn Ìdòwú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìgbà tí inú obìnrin kan gbé méjì, ìtọ́jú tí agbo ilé sì ń ṣe fún ìyá ìbejì jẹ́ ìtọ́jú fún obìnrin tí ó ṣeé ṣe kí ó tún bí ìbejì. Ní ọ̀rúndún ogún, bí ìtọ́jú aláboyún ṣe ń dé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ẹlẹ́sìn Kírísítì tàbí Mùsùlùmí, ère gbígbẹ́ dín kù, àwọn ìyá kan sì ń fi ọmọlangidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò igi, ṣùgbọ́n orúkọ àti ẹ̀wà kò kúrò nílẹ̀.

Ní àkókò kan náà, họ́móònù tí ara àwọn ìyá wọ̀nyí ń pèsè fúnra rẹ̀ ti di oògùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn ti ń yọ FSH láti inú ìtọ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, àwọn obìnrin ilé àdúrà Kátólíìkì ní Ítálì sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fún wọn ní ìtọ̀ náà, kí wọ́n lè gún un ní abẹ́rẹ́ fún àwọn tí ẹyin wọn kì í jáde. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, Osato Giwa-Osagie àti Ọládàpọ̀ Àṣírù lo ìmọ̀ yìí fún iṣẹ́ tí ó mú kí ọmọ àkọ́kọ́ tí a lóyún rẹ̀ ní ìta ara ní Nàìjíríà di bíbí ní 1989. Abẹ́rẹ́ náà ń mú kí àpò ẹyin púpọ̀ là á já lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí ìbejì àti ìbẹta fi pọ̀ láàárín àwọn tí ó bá a lóyún, tí àwọn oníṣègùn sì fi ń fi ẹ̀rọ wo ilé ẹyin wọn léraléra. Ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti bíbí kí oṣù tó pé, tí àwọn ìyá ìbejì ní Ìlaròó àti Ayétòrò ti ń rù láti ayébáyé, kan náà ni ó ń tẹ̀ lé irú oyún bẹ́ẹ̀.