CcHub, Yábàá
Ilé iṣẹ́ tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ olókòwò ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni CcHub. Òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, ni Bọ̀sún Tíjàní àti Fẹ́mi Longe ṣí i sí ní 2011. Ibẹ̀ ni àjọ BudgIT ti gbéra. Àwòrán ni wọ́n fi ń tú ètò ìṣúná ìjọba palẹ̀, kí ará àdúgbò lè mọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé tàbí kànga ẹ̀rọ tiwọn. Iṣẹ́ yìí níyì ju àbẹ̀wò Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, sí CcHub ní 2016 tí gbogbo ayé ń pariwo lọ. Ní 2023, Tíjàní di mínísítà. Ètò 3MTT rẹ̀ fẹ́ fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà.