Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ahun ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, bí ẹni pé oúnjẹ nìkan ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àgbà lọ sóde, àwọn ọmọ bá a gbé ẹrù. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Nígbà tí ilé yá, kò sí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé igbá mọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ ló wà nínú òwe náà. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n lóko ọ̀wẹ̀: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ tí kò pèsè oúnjẹ àti ẹmu tó tó, bó bá di àmọ́dún, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò máa kọ ebè. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ojú tì í, oko rẹ̀ di igbó, ìyẹn ti tó o.

Ohun tó yí padà láyé tiwa ni pé òfin ló ń sọ iye tí àgbà gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nínú àwo. Kò kù sọ́wọ́ àánú rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀gá tó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí ẹ bá dárúkọ òfin iṣẹ́ nílùú yìí, Ẹgbin ni wọ́n máa nawọ́ sí, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, tí ìjọba sì gbé lé aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni lọ́yà wà. Ẹni tó ní ilé búrẹ́dì, ilé búlọ́ọ̀kù tàbí iléèwé aládàáni lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìjẹ̀dẹ́ gbà pé tòun kéré jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ènìyàn ni òfin ń kà. Bí òṣìṣẹ́ yín bá pé 25, ẹ ò gbọdọ̀ sanwó tó dín sí ₦70,000 lóṣù. Ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i, òfin kan náà ló sì sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Bí wọ́n bá pé 15, owó ìfẹ̀yìntì ti di dandan. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ gbà, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ṣì mú yín.

Òfin yìí, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2010, ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá mọ̀ ju ìyókù lọ. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá yóò máa san fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan tí àpapọ̀ owó oṣù ibẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000: ₦10,000 ni ti NSITF. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun bá gé ìka ọmọkùnrin kan lóru, àpò àjọ náà ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú yóò ti jáde, ìbáà jẹ́ kásúà ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kódà bó bá ti orí ọ̀kadà ṣubú nígbà tó ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́, òfin kà á mọ́ ọn. Ọjọ́ méje ni ọ̀gá ní láti fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ létí. Ọ̀gá tó fi ₦10,000 yìí sápò, òun gan-an ni àgbà inú òwe. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀, owó ilé ìwòsàn, owó ẹjọ́, àtẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ ìyá ọmọ, orí òun nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló máa ń dẹ́rù bà mí jù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, iná sọ lóru nílé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odògúnyán, nítòsí wa níbí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ nínú ilé, ọ̀pọ̀ wọn sì jóná síbẹ̀. Láti 1987 ni òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé iṣẹ́, ẹni tó wà nínú gbọ́dọ̀ lè ṣílẹ̀kùn wẹ́rẹ́. Ẹ lọ wo ilé iṣẹ́ yín lálẹ́ òní: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Lábẹ́ òfin 2014, ẹni tí owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 lóṣù yóò mú ₦8,000 sílẹ̀, ọ̀gá yóò fi ₦10,000 tì í, ₦18,000 yóò sì wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó oṣù. Àwọn ọ̀gá kan ń yọ ₦8,000 yẹn lóṣooṣù, wọn kì í fi ránṣẹ́. Olè ni mo mọ ìyẹn sí. Ìtanràn rẹ̀ kò sì kéré ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí owó bá fi pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìwé iṣẹ́ kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin iṣẹ́ ti 1974 fún ọ̀gá ní oṣù mẹ́ta péré láti fún òṣìṣẹ́ níwèé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó àti ọjọ́ ìsanwó, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, bí wọ́n ṣe lè fi ara wọn sílẹ̀. Ojú ewé kan ti tó. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ oṣù kan tàbí owó rẹ̀ ló tọ́ sí i; “má wá mọ́ lọ́la” kò bófin mu fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tuntun jù ni òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn gbà lọ́dún, ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kò sì ní san rárá. Akọ̀wé owó tó ṣì ń fi ìṣirò àtijọ́ yọ owó ń rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, ì báà jẹ́ láìmọ̀.

Mo mọ̀ pé dísù wọ́n, mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun àti sìmẹ́ǹtì kò rọrùn rà. Síbẹ̀, ₦10,000 inú mílíọ̀nù kan kọ́ ló ń pa ilé búrẹ́dì. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí oṣù yìí tó parí, ẹ ka orí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ fún wọn níwèé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè iye tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí irun bá funfun.