Ọ̀fẹ́ Ni Abẹ́rẹ́ Àjẹsára, Owó Ọkọ̀ Ni Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Kí ẹgbẹ́ wa tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ abà, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò díẹ̀.

Ní 1956, Dókítà David Morley, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà kó máa retí ọmọ. Ìmẹ̀sí-Ilé ló gbé kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ, níbi tí ìyá lè fẹsẹ̀ rìn dé tòun tọmọ lẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń darí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á tọ́jú èyí tára ẹ̀ ò yá, wọ́n á sì fún un lábẹ́rẹ́. Ìyá ló ń mú káàdì ọmọ ẹ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ náà wà lára ibi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ èéyi wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ó wá kan ṣànpọ̀nná. Ní 1967, ètò láti lé e kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní kí gbogbo ayé wá sí ọsibítù. Wọ́n á rí ọba tàbí baálẹ̀, àwọn yẹn á pe ará ìlú jọ sí gbangba. Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí kò lo iná, lè kan nǹkan bí 1,000 èèyàn ní wákàtí kan. Nígbà tó di 1970, Nàìjíríà rí ṣànpọ̀nná kẹ́yìn. Ẹ wo apá àwọn àgbà wa, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ti rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ilé dé ilé ni. Òṣìṣẹ́ á gbé kúlà kọ́ èjìká, á kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu, á fi yíǹkì kun ìka ẹ̀, á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Ní August 25, 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kúrò ní Áfíríkà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan lọ̀rọ̀ ọ̀nà ti ń dí èèyàn lọ́wọ́. Ní 2021, ẹ̀yin ará wa ní Los Angeles rántí pápá ìṣeré Dodger Stadium: inú mọ́tò lèèyàn ń jókòó sí gba abẹ́rẹ́ Kòrónà. Ẹni tí ò ní mọ́tò ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wa náà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù 9 àti 15: ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyá gbọ́dọ̀ gbọ́mọ lọ. Tó bá jẹ́ abà ló ń gbé, àlọ àti àbọ̀ ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mẹfà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta lẹlòmíì ti máa ń dákẹ́. Oṣù 9 sì ni wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àwọn abà rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká dá owó epo alùpùpù fún nọ́ọ̀sì, kó lè máa dé abà ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn ìyá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa gbé abẹ́rẹ́ wá bá wa. Ó ti kàn wá láti gbé e lọ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí.