Ìtàn 'Tandem': Láti Ilé Ìgbìmọ̀ Róòmù dé Orí Kẹ̀kẹ́

Àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí ó bá mọ orírun ọ̀rọ̀ nínú Látìn ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òtítọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ìtàn 'tandem' fi hàn pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni 'tandem' nínú èdè Látìn. 'Tam', èyí tí í ṣe 'tó bẹ́ẹ̀', ni a so àfòmọ́ '-dem' mọ́. Àsìkò ni ó ń tọ́ka sí: 'nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín'. Bí ó bá wà nínú ìbéèrè, a máa fi hàn pé sùúrù olùbéèrè ti tán. Báyìí ni Cicero ṣe lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó fi kọlu Catilina níwájú ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi. Kò sí ẹṣin, kò sí kẹ̀kẹ́, nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ Látìn ní ilé-ìwé a máa túmọ̀ rẹ̀ sí 'at length'. Ojú méjì ni àpólà yìí ní, gẹ́gẹ́ bí 'gígùn' ti ní i nínú Yorùbá: 'ẹ̀mí gígùn' jẹ mọ́ àsìkò, 'okùn gígùn' jẹ mọ́ ohun tí a lè fi ọ̀pá wọ̀n. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa so ẹṣin méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, kí ọ̀kan wà níwájú èkejì. Ẹ̀fẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀: níwọ̀n bí àwọn ẹṣin náà ti tò 'ní gígùn', 'tandem' ni wọ́n. Francis Grose kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro rẹ̀ ní 1785, ó sì tú àwàdà náà síbẹ̀. Bí 'tandem' ṣe di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: ènìyàn lè wa ẹṣin 'tandem', kí ọ̀kan máa tẹ̀lé èkejì.

Nígbà tí ó di bí ọdún 1880 sí 1890, kẹ̀kẹ́ ológeere tí ènìyàn méjì ń gùn tẹ̀léra gba orúkọ náà. Lóde òní, 'in tandem' lè túmọ̀ sí 'ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀', bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣíwájú.

Bí olùkọ́ bá fo ẹ̀fẹ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ọ̀nà láti ẹnu Cicero dé orí kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi orírun ọ̀rọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tún fi bí àwọn ènìyàn ti ń lò ó láti ìgbà dé ìgbà hàn án.