Awọ Ara Ọmọ Tó Ń Bó

Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò gbé e.

Ọ̀kan nínú wa fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́: awọ ara ọmọ dúdú lápá kan, ó ń bó, ẹsẹ̀ méjèèjì wú. Ó ní ìpara wo ni kí òun rà. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni mẹ́fà ti dárúkọ ìpara.

Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan. Ní 1929, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, dé Gold Coast, ìyẹn Gánà òní. Ní Accra, ó ń rí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ wọn ń bó bí ọ̀dà ògiri. Ọ̀pọ̀ ń kú. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ: àgbàdo ṣáá ni. Wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú torí àbúrò ti dé. Àwọn Ga ti ní orúkọ fún un, kwashiorkor: àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò bá dé. Ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1933. Ní 1935 ó fi orúkọ Ga yẹn sínú ìwé àwọn dókítà, Lancet. Àwọn kan bá a jiyàn, wọ́n ní àìsàn mìíràn ni. Ṣùgbọ́n mílíìkì agolo ló fi ń wo àwọn ọmọ náà.

Ojoojúmọ́ ni ara ń hun awọ tuntun. Purotéènì ló fi ń hun ún. Fítámì A àti zinc náà níṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ikùn ò rí, ìpara ò lè fi fún awọ.

Nílẹ̀ wa náà, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Dókítà David Morley ń wọn àwọn ọmọ, ó ń kọ ọ́ sí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tó ń rù.

Àbúrò mi, ẹsẹ̀ tó wú kúrò ní ọ̀rọ̀ ìpara. Má sì rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu nílé, ó léwu. Gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. Mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin yòókù, ògì nìkan kò tó ọmọ. Ẹ̀wà, edé, ẹyin, ẹ̀fọ́, epo pupa, gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà Orozo níbí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dárúkọ ìpara, kó fi owó ìpara náà ra ẹyin fún ọmọ yìí.